Alpha mi jáde ní 0.41: ta ló lè bá mi yẹ ìwé ìbéèrè yìí wò?

Àbẹ̀kẹ́_300L

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Sáíkọ́lọ́jì ni mò ń kà ní yunifásítì, ọdún kẹta ni mo wà. Kọ́ọ̀sì tó dá lórí ìdánwò àti ìwọ̀n ló wà lọ́rùn wa ní sáà yìí. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú ṣe ìwé ìbéèrè tirẹ̀, kó fún àwọn èèyàn kọ, kó sì fi ìṣirò hàn bó ṣe ṣeé gbára lé tó.

Ìbẹ̀rù ìdánwò ni mo mú. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá ni mo fẹ́ lò ó fún nígbẹ̀yìn. Gbólóhùn mẹ́wàá ni. 1 ni “kò rí bẹ́ẹ̀ rárá”, 5 ni “bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí”. Mo kọ́kọ́ fún ọgbọ̀n èèyàn nínú kíláàsì wa kọ. Àwọn gbólóhùn tó dojú sódì, mo ti yí nọ́ńbà wọn padà kí n tó ṣírò (6 yọ nọ́ńbà tí wọ́n mú). Síbẹ̀ Cronbach's alpha (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí àwọn gbólóhùn ṣe bára wọn rìn tó) jáde ní 0.41, ìwé tí à ń lò sì ní ó kéré tán kó tó 0.70.

Díẹ̀ nínú wọn nìyí:

1. Àyà mi máa ń já tí wọ́n bá ti ń pín ìwé ìdánwò.
3. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n nígbà tí mo bá ń kọ ìdánwò.
4. Mo máa ń kàwé mọ́jú tí ìdánwò bá ku ọ̀la.
6. N kì í gbàgbé ohun tí mo kà, ẹ̀rù kì í sì í bà mí.
7. Èrò pé mo máa fìdí rẹmi kì í kúrò lọ́kàn mi nínú ìdánwò.
9. Olùkọ́ wa máa ń gbé ìdánwò tó le jáde.

Ṣé kí n yọ àwọn tí kò dáa ni, àbí kí n tún gbogbo ẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Dúpẹ́_Oníṣirò

Má dara ẹ láàmú. Nínú SPSS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe Reliability Analysis, tẹ “Scale if item deleted”. Á fi hàn ọ́ iye tí alpha máa jẹ́ tí o bá yọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Yọ èyí tó ń bà á jẹ́ jù, tún un ṣe, yọ òmíràn, títí á fi dé 0.70. Bí gbogbo wa ṣe ṣe é nìyẹn.

Alàgbà_Ìwọ̀n

Dúpẹ́, mi ò fara mọ́ ìyẹn o. Àbẹ̀kẹ́, má tíì yọ nǹkan kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí 0.41 yẹn ń wí.

Lee Cronbach ló gbé alpha jáde nínú àpilẹ̀kọ tó kọ ní 1951. Ohun tó ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àwọn gbólóhùn rẹ jọ ń gòkè, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀? Fi bíróò àti bébà ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á yé ọ ju kí kọ̀ǹpútà bá ọ ṣe é lọ. Wá variance (bí nọ́ńbà àwọn èèyàn ṣe jìnnà síra tó) gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ro máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí o wá variance àpapọ̀ máàkì wọ̀nyẹn. Fi èkejì pín ti àkọ́kọ́, yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 1, kí o wá fi 10 sọ ohun tó kù di púpọ̀, kí o sì fi 9 pín in, torí gbólóhùn mẹ́wàá ni tìrẹ.

Ká ní àròpọ̀ variance àwọn gbólóhùn jẹ́ 9, tí ti àpapọ̀ máàkì sì jẹ́ 14.3: alpha á jáde ní 0.41, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Ká ní 9 yẹn ò yí padà, ṣùgbọ́n ti àpapọ̀ gòkè dé 25: alpha á di 0.71. Kí ló lè gbé 14.3 dé 25? Kí àwọn gbólóhùn bára wọn rìn ni. Tí ẹni tó gba 5 ní àkọ́kọ́ bá tún gba 5 ní ìkẹta (lẹ́yìn tí o ti yí i padà) àti ìkeje, máàkì àwọn tó ń bẹ̀rù á jìnnà gan-an sí ti àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń fà á lọ sókè, tí òmíràn ń fà á wálẹ̀, gbogbo èèyàn á há sí àárín.

Ní báyìí, wo gbólóhùn 4. Ẹni tó ń kàwé mọ́jú lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò ṣíwèé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé òru ni ìwé ti máa ń wọ̀ ọ́ lórí. Gbólóhùn 9 ní tirẹ̀, olùkọ́ ló ń wọ̀n, kò kan ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ rárá, gbogbo kíláàsì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nọ́ńbà kan náà. Gbólóhùn 6 ru ẹrù méjì: ẹni tó ń gbàgbé ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ò bà á, nọ́ńbà wo ni kó mú?

Ní báyìí tí a ti mọ ìyẹn, mo lè ní kí o yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe torí alpha. Kódà kí alpha máa tìtorí wọn ga sí i, mo ṣì máa ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, torí kì í ṣe ìbẹ̀rù ìdánwò ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìyá_Ìbejì_Tíṣà

Ẹ kú àlàyé, sà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń kọ́ni, mo sì ti fún àwọn ọmọ ní irú ìwé báyìí kọ rí. Gbólóhùn 3 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fo “kì í” yẹn. Wọ́n á rí “ọwọ́ mi… gbọ̀n”, wọ́n á sì ti mú nọ́ńbà. Gbólóhùn 7 tiẹ̀ tún burú sí i: “kì í” wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló máa mú 5 níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára pé gbólóhùn tó ní “kì í” ń sọ ìfọ̀kànbalẹ̀ á ṣi 7 mú. Àbẹ̀kẹ́, o ò yí nọ́ńbà 7 padà, àbí?

Àbẹ̀kẹ́_300L

Rárá mà, 3 àti 6 nìkan ni mo yí nínú àwọn tí mo kọ síbí yìí.

Dúpẹ́_Oníṣirò

Ó dáa, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ gbogbo “kì í” kúrò pátápátá. Kí gbogbo gbólóhùn dojú kọ ọ̀nà kan náà, kó sí wàhálà.

Ṣadé_Evaluation

Ẹ má tíì jù wọ́n nù, ìdí wà tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tí o bá gbé síwájú wọn, “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n máa wí. Wọ́n á mú 5 láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè tètè dá bébà padà. Tí gbogbo gbólóhùn bá dojú kọ ọ̀nà kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gba 50 nínú 50, o ò sì ní mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ni àbí ìkánjú. Alpha rẹ á sì ga, torí wọ́n mú nǹkan kan náà jálẹ̀. Àwọn tó dojú sódì ló máa tú wọn fó.

Ohun tó yẹ ni kí o dojú rẹ̀ kọ òdì láìlo “kì í”. Dípò “Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n”, kọ “Ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti ka ìbéèrè àkọ́kọ́.” Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló sọ, kò sì sí ohun tí ojú lè fò níbẹ̀. Gbólóhùn 7 náà rọrùn: “Nínú ìdánwò, mo máa ń ro ó ṣáá pé mo máa fìdí rẹmi.”

Ọ̀rọ̀ 0.70 náà nìyí. Ìwé Jum Nunnally tó jáde ní 1978 ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á parí. Ohun tó sọ ni pé 0.70 tó fún ìwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tó ti ta gbòǹgbò ń fẹ́ 0.80. Tó bá jẹ́ pé máàkì yẹn ni wọ́n máa fi pinnu ọ̀rọ̀ ẹnì kan, bíi kí wọ́n gbà á síṣẹ́ tàbí kí wọ́n má gbà á, 0.90 ló kéré jù, 0.95 ló sì yẹ kéèyàn máa lé. Kì í ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ìwé ìbéèrè.

Dúpẹ́_Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, mo gbọ́ yín lórí “kì í”, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ èyí wò. Kí ara balẹ̀ àti kí ọwọ́ má gbọ̀n kì í ṣe nǹkan kan náà. Mo mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró gírí, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ń jó bí iná. Tó bá fi ìfọ̀kànbalẹ̀ rọ́pò, ohun mìíràn ló gbé wọlé yẹn.

Ṣadé_Evaluation

Òótọ́ lo sọ. Ó ṣẹlẹ̀ dáadáa kí àwọn gbólóhùn tó dojú sódì kóra wọn jọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí a bá yẹ èsì wò, bí ẹni pé ohun mìíràn ni wọ́n ń wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá, tí mo sì máa ń yẹ bí wọ́n ṣe bá àwọn yòókù rìn wò lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ wọ́n tán.

Fẹ́mi_100L

Ẹ jọ̀wọ́, mo rí i pé ẹ mọ nípa ìdánwò dáadáa. Ta ló ní WAIS, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn IQ (ọgbọ́n orí) àgbàlagbà, gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀, kó bá mi gbé e síbí? Mo fẹ́ fi mọ IQ ara mi.

Kọ́lá_Abẹ́òkúta

Fẹ́mi, má bínú, a ò ní gbé e síbí, ẹlòmíràn ò sì gbọ́dọ̀ gbé e. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹni tí wọ́n mú wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ bá ti rí àwọn ìbéèrè yẹn lórí fóònù tẹ́lẹ̀, máàkì tó bá gbà kò lè sọ fún wa mọ́ bóyá ọpọlọ rẹ̀ fara pa. Ẹni tó máa ṣòfò níbẹ̀ ni aláìsàn náà. Ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sì ń lò ó: òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtọ́ni, ìgbà tí wọ́n ń dá a dúró, àti irú àwọn èèyàn tí wọ́n fi máàkì wọn ṣe òṣùwọ̀n. IQ 115 kò túmọ̀ sí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, níbi tí 100 jẹ́ àárín tí ìyàtọ̀ (standard deviation) sì jẹ́ 15, nǹkan bí 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ. Tó bá jẹ́ pé ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà, ẹgbẹ́ ta lo wà?

Tó bá jẹ́ ìtàn rẹ̀ lo fẹ́ mọ̀, ìyẹn dáa púpọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Binet àti Simon, tí wọ́n gbé ìdánwò ọgbọ́n orí jáde ní Faransé ní 1905, kí o wá bọ́ sọ́dọ̀ David Wechsler, tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1939.

Àbẹ̀kẹ́, kí n tó wá sórí tìrẹ: ìbẹ̀rù ìdánwò ní apá méjì, kí o tó kọ gbólóhùn ló sì yẹ kí o ti pín in. Liebert àti Morris ló ya wọ́n sọ́tọ̀ ní 1967. Apá kan jẹ́ ti èrò: “Mo máa fìdí rẹmi”, “Kí ni Dádì máa wí?” Apá kejì jẹ́ ti ara: àyà jíjá, òógùn, inú rírun, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n. Ìwé ìbéèrè Spielberger tó jáde ní 1980 ní gbólóhùn ogún, ó sì ní máàkì lọ́tọ̀ fún apá méjèèjì yìí. Tí o bá ní mẹ́wàá, fún apá kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún, kí o ṣírò alpha wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Má fojú kéré apá ti ara. Lọ́dọ̀ tiwa, ara ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn wọn. Lọ́dún 1982, Peter Ebigbo gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní Ẹnúgu tó dá lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀: orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn kiri lára. Ní 1987, Makanjuola kọ̀wé nípa ọdẹ orí láàárín àwọn Yorùbá tó ń wá gbàtọ́jú. Èmi náà ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́: èèyàn ò ní sọ pé “ẹ̀rù ń bà mí”, á ní “orí mi ń hó, kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀.” Tí gbogbo gbólóhùn rẹ bá ń sọ̀rọ̀ èrò nìkan, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ á gba máàkì kékeré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ó tún kù kan. Má lọ kọ “Àyà mi máa ń já”, “Àyà mi máa ń là gàrà”, “Ẹ̀rù máa ń bà mí” kí alpha lè ga o. Ó máa ga lóòótọ́, ó lè dé 0.95, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà lo bi èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá_Ìbejì_Tíṣà

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọmọ tèmi, inú rírun ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹ ò ní rí ibi dúró sí lẹ́nu ilé ìyàgbẹ́. Àbẹ̀kẹ́, fi ìyẹn sí i.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ SPSS. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. JASP àti jamovi wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n ń ṣírò alpha, wọ́n sì ń ṣírò omega, ìṣirò mìíràn tó ń wọn bí ìwé ìbéèrè ṣe ṣeé gbára lé tó, mọ́ ọn.

Alàgbà_Ìwọ̀n

Kọ́lá ti là á dáadáa. Mo fẹ́ fi nǹkan méjì sí i.

Èkíní, ẹnì kan lè sọ fún ọ pé kí o kàn fi gbólóhùn kún un, torí bí ìwé ìbéèrè bá ṣe gùn tó ni reliability rẹ̀ (bó ṣe ṣeé gbára lé tó) ń ga tó. Òótọ́ ni, Spearman àti Brown ti fi ìṣirò rẹ̀ hàn láti 1910. Ṣùgbọ́n ṣe é wò: tí o bá fi mẹ́wàá mìíràn tó rí bíi ti tẹ́lẹ̀ kún un, 0.41 á di 0.58. Tí o bá sọ ọ́ di ọgbọ̀n, 0.68. O ti sú àwọn èèyàn, o ò sì tíì dé ibi tí ò ń lọ.

Èkejì, mọ ohun tí 0.41 ń ṣe sí máàkì ẹnì kan. Variance 14.3 yẹn, square root rẹ̀, tí í ṣe ìyàtọ̀ (standard deviation), jẹ́ 3.78. Yọ 0.41 kúrò nínú 1, wá square root ohun tó kù, fi sọ 3.78 di púpọ̀: 2.9. Ìyẹn ni àṣìṣe tó wà nínú máàkì kọ̀ọ̀kan. Tí o bá fi ìlọ́po méjì 2.9 yẹn sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, ẹni tó gba 30 lè jẹ́ ẹni tó wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 24 sí 36. Èyí ni mo máa fẹ́ kí o kọ sínú iṣẹ́ rẹ, olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ á yọ̀ sí ọ.

Ṣadé_Evaluation

Kí Àbẹ̀kẹ́ má sì rò pé tí alpha bá ti ga, iṣẹ́ ti parí. Alpha kò sọ pé ìbẹ̀rù ìdánwò lo ń wọ̀n. Fún ìyẹn, gbé gbólóhùn rẹ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ èyí tó pọn dandan nínú wọn. Lawshe ní ìṣirò kan fún un, láti 1975: yọ ìdajì àwọn adájọ́ kúrò nínú iye àwọn tó ní “ó pọn dandan”, fi ìdajì náà pín in. Nínú tábìlì rẹ̀, tí adájọ́ bá jẹ́ márùn-ún, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, 0.62 ti tó.

Kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn, jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ka gbólóhùn sókè, kí o bi wọ́n pé, “Kí lo rò pé ó ń bi ọ́?” Má bá wọn ṣàlàyé, gbọ́ tẹnu wọn. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ohun tí nọ́ńbà ò ní sọ fún ọ láéláé.

Àbẹ̀kẹ́_300L

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìṣe. Mo ti bá àwọn kan jókòó. Bí Ìyá Ìbejì ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí: ẹnì kan ka gbólóhùn 3 sókè, ó fo “kì í”, ó sì mú 5. Ẹlòmíràn ní gbólóhùn 4 ń yin òun ni. Mo ti tún un pín sí apá méjì. Díẹ̀ nìyí:

Ti èrò:
Nínú ìdánwò, mo máa ń ro ó ṣáá pé mo máa fìdí rẹmi.
Tí mo bá rí ẹlòmíràn tó ń gba bébà kún bébà, ọkàn mi máa ń dàrú.

Ti ara:
Inú máa ń run mí lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò.
Àyà mi máa ń já tí wọ́n bá ti ń pín ìwé ìdánwò.
Ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti ka ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ìbéèrè mi kù méjì. Ṣé mo lè fún àwọn ọgbọ̀n èèyàn àkọ́kọ́ kọ? Tí ẹnì kan bá sì gba máàkì tó ga gan-an, ṣé kí n sọ fún un?

Kọ́lá_Abẹ́òkúta

Ti “bébà kún bébà” yẹn dùn mọ́ mi, ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ló ti wá.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n yẹ PHQ-9 (ìwé ìbéèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn) wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà ní 2006, ńṣe ni wọ́n gbé máàkì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníṣègùn kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa fà á sí. Ìwọ ò tíì ṣe ìyẹn, o ò ní ibi tí o lè pè ní “gíga”. Má gba orúkọ wọn. Sọ fún wọn lókè bébà pé wọn ò di dandan láti kọ ọ́, kí o sì kọ ibi tí ọ́fíìsì olùgbaninímọ̀ràn yunifásítì yín wà sí ìsàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ fúnra rẹ̀.

Alàgbà_Ìwọ̀n

Má fún àwọn ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti bá ara wọn sọ ọ́. Lọ bá èèyàn tuntun, kí wọ́n má sì jẹ́ kíláàsì kan ṣoṣo. Àwọn tó wà ní ìpele kan, tí wọ́n ń kọ ìdánwò kan náà, ìbẹ̀rù wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìyẹn nìkan sì lè fa alpha wálẹ̀. Mú láti 100L dé 400L, mú ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá wà nínú wọn. Gbìyànjú kí wọ́n tó ọgọ́rùn-ún, torí alpha tí o fi ọgbọ̀n èèyàn ṣírò lè jẹ́ 0.41 lónìí, kó di 0.55 lọ́la láìsí ohun tó yí padà. Fún wọn nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jáde.

Nínú iṣẹ́ rẹ, kọ méjèèjì sílẹ̀: 0.41 àkọ́kọ́, ohun tí o rí nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohun tí o yí padà àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà èsì tuntun. Tó bá jáde ní 0.64, 0.64 ni kí o kọ.

Dúpẹ́_Oníṣirò

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi wà ní 200L ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, òun sì ni aṣojú kíláàsì wọn. Kọ nọ́ńbà ìdáhùn sí iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó má bàa pẹ́ wọn, kí o tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi lábẹ́nú kó tó di Ọjọ́bọ̀. Á bá ọ bẹ olùkọ́ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lópin kíláàsì.